Iná Láìnì Kejì

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń wá kí wọ́n yin òun, mi ò sì ní nǹkan kan láti tà fún yín. Ọkọ mi tó ti lọ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi rí. Àwọn ọmọ mi náà ò gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ máa sọ ọ́ fún. Ojú mi méjèèjì ló rí i, etí mi yìí ló gbọ́ ọ, ọ̀sán gangan sì ni, kì í ṣe lóru. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tó ń bani lẹ́rù lọ́sàn-án burú ju ti òru lọ, torí kò síbi téèyàn lè sá lọ dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Nígbà náà, kò tíì pé ọdún méjì tí ìjọba yí ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí níbi tí mo ti ń kọ́ táìpù ni. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ni mò ń gbé, bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ìjọba, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kì í fi eré ṣe. Mo ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, a ò ju ẹni mẹ́jọ lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa kí àlejò, kí n sì máa dá fóònù lóhùn. Fóònù ọ̀hún kì í ṣe fóònù lásán o. Ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Àwọ̀ eérú ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Nísàlẹ̀ ibi tá a ti ń yí nọ́ńbà, bọ́tìnì mẹ́fà ló tò lẹ́sẹẹsẹ. Márùn-ún funfun bí eyín, ọ̀kan pupa.

Méjì àkọ́kọ́ ni láìnì tó ń wọlé láti ìta: láìnì kìíní, láìnì kejì. Ẹ̀kẹta lọ sí yàrá ọ̀gá. Ẹ̀kẹrin lọ sí yàrá àwọn ayàwòrán. Ẹ̀karùn-ún ni mo fi ń fetí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí láìnì, torí nígbà míì ọ̀gá máa ń fẹ́ kí n kọ nǹkan sílẹ̀. Pupa yẹn ni họ́ọ̀dù. Tí ẹni tí wọ́n ń pè ò bá tíì ráàyè, mo máa tẹ pupa. Ẹni tó pè á wà níbẹ̀, kò ní gbọ́ wa, àwa náà ò ní gbọ́ ọ.

Iná kékeré wà nínú bọ́tìnì láìnì méjèèjì. Tí ẹnì kan bá wà lórí họ́ọ̀dù, iná á máa ṣẹ́jú: á tàn, á kú, á tàn, á kú. Tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lórí láìnì, iná ò ní ṣẹ́jú. Á kàn tàn, á dúró gbọin.

Mo fẹ́ràn fóònù yẹn. Láràárọ̀ ni mò ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Mo máa ń ro ara mi bí awakọ̀ òfuurufú.

Olórí àwọn ayàwòrán wa ni Mísítà Àlàdé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí, tó sì máa ń gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ìyàwó wọn, Àǹtí Rónkẹ́, jẹ́ olùkọ́. Òkè ilé kan ní Sùúrùlérè ni wọ́n háyà, onílé wọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló sì ní fóònù. Oyún àkọ́kọ́ wà nínú Àǹtí Rónkẹ́, ó ti wọ oṣù kẹjọ, wọ́n ti gba ìsinmi níléèwé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí wọn lójúkojú. Ṣùgbọ́n ohùn wọn, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn ìyá mi. Ohùn tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó jáde ni.

Tí wọ́n bá pè lọ́sàn-án, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. “Àbúrò mi, ṣé o ti jẹun? Ṣé ọkọ mi ò yọ yín lẹ́nu?” Lọ́jọ́ kan wọ́n fi àádùn rán ọkọ wọn sí mi, nínú bébà tí wọ́n ká rúmúrúmú. “Ìyàwó mi ní kí n má fọwọ́ kàn án lọ́nà,” ni Mísítà Àlàdé wí, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná, kí n tó sọ èyí tó kàn.

Ọjọ́bọ̀ kan ni. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ọ̀gá wa ń retí ìpè kan láti Kàdúná, ẹ sì mọ bí ìpè ọ̀nà jíjìn ṣe rí nígbà yẹn. Èèyàn lè fi ọjọ́ mẹ́ta wá a kó má rí i. Ọ̀gá dúró síwájú tábìlì mi láàárọ̀, wọ́n na ìka sí fóònù, wọ́n ní, “Tí ìpè yẹn bá fi lè já mọ́ ọ lọ́wọ́, máa kó ẹrù ẹ lọ sílé bàbá ẹ.” Ọ̀gá kì í ṣeré.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjìlá, iná láìnì kejì tàn, aago dún. Mo gbé e.

“Àbúrò mi.” Àǹtí Rónkẹ́ ni. Ẹ̀rín ò sí nínú ohùn wọn. “Jọ̀ọ́, fún mi ní ọkọ mi. Ara mi ò yá. Ojú mi ń ṣú.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Mo fẹ́ pè wọ́n báyìí. Ẹ dúró sórí láìnì. Ẹ má gbé e sílẹ̀ o.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ má gbé e sílẹ̀ o.

Mo tẹ pupa. Mo tẹ bọ́tìnì yàrá àwọn ayàwòrán. Wọ́n ní Mísítà Àlàdé wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Mo dìde kí n lọ kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn nígbà tí aago láìnì kìíní dún lẹ́yìn mi. Mo sáré padà. Kàdúná ni.

Mo fún ọ̀gá. Láìnì ń hó bí epo gbígbóná, wọn ò gbọ́ ara wọn dáadáa, ni ọ̀gá bá kígbe pé kí n mú ìwé wọlé kíákíá wá kọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo wọlé. Mo jókòó. Ọ̀gá ń gbọ́, wọ́n ń pariwo ohun tí wọ́n gbọ́, èmi ń kọ ọ́. Mísítà Àlàdé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo lè na ọwọ́ kàn wọ́n. Pẹ́ńsùlù wà ní etí wọn. Mo wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, mo sì tẹjú mọ́ ìwé mi padà.

Mi ò rántí. Ẹ gbà mí gbọ́, kò wá sí mi lọ́kàn rárá, bíi pé ẹnì kan fi ọwọ́ nù ún kúrò.

Nígbà tí mo fi máa jáde, ó ti pé ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Mo mọ̀ nítorí mo wo aago ara ògiri. Mo wá wo tábìlì mi. Iná láìnì kejì ń ṣẹ́jú.

Mo gbé ọwọ́ fóònù sétí, mo tẹ láìnì kejì. “Hẹlóò? Àǹtí Rónkẹ́?”

Kò sóhùn. Òjò nìkan ni mò ń gbọ́, òjò tó ń rọ̀ lórí páànù, ó jìnnà, ó sì sún mọ́ mi. Mo pè lẹ́ẹ̀mejì sí i. Mo sọ fún ara mi pé ó ti sú wọn, wọ́n ti gòkè padà, wọn ò kàn gbé fóònù onílé sílẹ̀ dáadáa ni. Mo gé e. Nígbà tí Mísítà Àlàdé jáde, mo fẹ́ sọ fún wọn. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á bínú. Mo ní wọ́n á tún pè.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí ìyàwó onílé pè, tó ń sunkún. Ó ní Àǹtí Rónkẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá lo fóònù lọ́sàn-án, òun sì fi wọ́n sílẹ̀ ní pálọ̀, òun wà ní kíṣíìnì lẹ́yìnkùlé. Ariwo òjò ò jẹ́ kí òun gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí òun padà wọlé, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni òun bá wọn. Wọ́n ṣì di ọwọ́ fóònù mú mọ́ etí.

Àwọn dókítà rí ọmọ gbà là. Ọmọbìnrin ni. Wọn ò rí ìyá rẹ̀ gbà là. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é.

Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè. Gbogbo ayé gbà pé ìpè náà ò wọlé ni, torí ìpè kì í sábà wọlé. Mísítà Àlàdé fúnra wọn ló sọ ọ́ níbi ìsìnkú: “Ó ń gbìyànjú àtipè mí, kò rí mi.” Mo sunkún ju àwọn ẹbí lọ. Obìnrin kan tiẹ̀ dì mí mú, ó ní mo láàánú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Mísítà Àlàdé padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti gbé ọmọ sọ́dọ̀ ìyá Àǹtí Rónkẹ́ ní Mushin. Wọ́n ń ya àwòrán wọn, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń lọ sílé. Wọ́n kàn rù bí igi ọ̀gbẹlẹ̀ ni.

Ó tó bí oṣù kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn ikú náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ni, oòrùn ń ràn. Àwọn yòókù ti lọ jẹun. Mo ń táìpù lẹ́tà kan, mo gbójú sókè, mo sì rí i pé iná láìnì kejì ń ṣẹ́jú.

Aago ò dún. Mi ò fi ẹnikẹ́ni sórí họ́ọ̀dù. Tàn, kú, tàn, kú.

Mo ní fóònù ti bàjẹ́. Mo gbé e, mo tẹ láìnì kejì. Òjò. Mo wo ojú fèrèsé. Oòrùn ń jó orí àwọn ọkọ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ létí mi, lórí páànù.

Mo gbé e sílẹ̀ bíi pé ó jó mi lọ́wọ́. Iná kú. Lọ́jọ́ kejì, ní àkókò kan náà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá pé fóònù ń ṣe ségesège. Wọ́n pe ọkùnrin tó ń tún un ṣe. Ó tú u palẹ̀ sórí tábìlì mi, ó wo wáyà kọ̀ọ̀kan, ó ní kò síbi tó bàjẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá yọ gílóòbù kékeré inú láìnì kejì, ó sọ ọ́ sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. “Sísí, ó tán,” ló wí. “Ohun tí kò sí níbẹ̀ ò lè tàn.”

Lọ́jọ́ kejì, aago méjìlá, ó tàn.

Mi ò purọ́. Gílóòbù wà nínú àpò ọkùnrin yẹn níbikíbi tó wà. Iná sì ń ṣẹ́jú lójú mi.

Ìyá Ṣadé ló bá mi bẹ́ẹ̀, tí mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ìyá àgbàlagbà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, tó ń gbálẹ̀ tó sì ń po tíì fún wa. Wọ́n gbé tíréè sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Kí ló ṣe ọ́, ọmọ mi?”

“Mà, ṣé ẹ rí iná yìí?”

Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n wo fóònù pẹ́. “Iná wo? Mi ò rí iná kankan.” Wọ́n wá dẹ ohùn wọn sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́. “Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ òjò.”

Irun ara mi dìde.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn gbóná nítorí tíì. “Sọ òótọ́ fún mi. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tó o ní kó dúró?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹni tá a ní kó dúró,” ni Ìyá Ṣadé wí, “tá ò sọ fún un pé kó máa lọ, ibo ló fẹ́ lọ?”

Wọ́n gbé tíréè wọn. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì tún wá sídìí tábìlì mi ní ọ̀sán mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, mo ti pinnu láti sọ fún Àǹtí Rónkẹ́ pé kí wọ́n máa lọ. Mo ti gbàdúrà láti àárọ̀, mo ti ka Sáàmù, mo fi Bíbélì bàbá mi sínú àpò. Bí iná ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, mo gbé fóònù, mo tẹ láìnì kejì, mo ní, “Àǹtí Rónkẹ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ máa lọ, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ.”

Òjò náà dáwọ́ dúró. Ó dá bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn.

“Àbúrò mi.”

Ohùn yẹn ni. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn rẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀.

“Mo ṣì wà níbí. Fún mi ní ọkọ mi.”

Mo gé e. Mo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo lọ dúró lójú pópó láàárín èrò, oòrùn ń pa mí lórí, òtútù sì ń mú mi.

Kí n fún wọn ní ọkọ wọn? Kí n so alààyè mọ́ òkú pẹ̀lú ìka mi? Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ti gbọ́ pé òkú máa ń wá mú ẹni tó bá fẹ́ràn. Bí mo bá fún Mísítà Àlàdé ní ìpè yẹn tí wọ́n sì ṣubú lulẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹni méjì ni màá wá pa nínú ilé kan?

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ní mi ò ní gbé e. Mo yí ojú kúrò. Mo ń táìpù kíkankíkan, mi ò mọ ohun tí mò ń táìpù. Ìgbà tí mo máa wo inú bébà, “ọmọ ń gbóná” ni mo rí. Mo ti kọ ọ́ kún ojú ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ ń gbóná. Ọmọ ń gbóná.

Mo gbé fóònù. Mo tẹ láìnì kejì.

“Àbúrò mi, ọmọ ń gbóná,” ni ohùn náà wí. “Fún mi ní ọkọ mi. Má tún dá mi dúró.”

Mi ò rò ó mọ́. Mo tẹ bọ́tìnì kẹrin.

“Àlàdé nìyí,” ni Mísítà Àlàdé wí láti yàrá wọn.

“Sà,” mo ní, “ìpè yín wà lórí láìnì kejì.” Mo so wọ́n pọ̀.

Ó yẹ kí n gbé fóònù sílẹ̀. Ìka mi ló lọ sórí bọ́tìnì karùn-ún, èyí tí mo fi ń fetí sí ọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mi ò gbọ́ ohùn obìnrin náà. Òjò ni mo gbọ́, àti Mísítà Àlàdé. Wọ́n mí sínú, bí ọmọdé tó fẹ́ sunkún.

“Mò ń gbọ́ ọ,” ni wọ́n wí. Wọ́n dákẹ́. “Rárá, mi ò mọ̀. Màmá ní ó ń sùn ni.” Wọ́n dákẹ́. “Báyìí? Mò ń lọ. Mò ń lọ báyìí.” Ẹ̀yìn náà, wọ́n sọ nǹkan kan ní ohùn tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, ohùn tí ọkọ fi ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀, mi ò ní kọ ìyẹn síbí. Wọ́n wá béèrè pé, “Ta ni?”

Mo fi fóònù sílẹ̀ kí n má baà gbọ́ ìyókù.

Wọ́n sá kọjá lára mi. Bàtà wọn ń dún lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gbà, gbà, gbà. Wọn ò wò mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mushin, ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Mísítà Àlàdé bá ìyá àgbà tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ọmọ, tó rò pé oorun ni ọmọ ń sùn. Kì í ṣe oorun. Ara ọmọ gbóná bí ààrò, ojú rẹ̀ ti yí sókè. Wọ́n gbé e dé ọsibítù kí gìrì tó mú un lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà ní bí wọ́n bá ti fi wákàtí kan pẹ́ sí i, ọmọ ì bá ti kú. Ọmọ náà yè.

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí parí síbẹ̀? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin, iná láìnì kejì ò ṣẹ́jú. Mo sùn. Mo jẹun.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Mísítà Àlàdé padà síṣẹ́. Wọn ò lọ sí yàrá wọn. Wọ́n fa àga àwọn àlejò, wọ́n jókòó síwájú mi, ó sì kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù. Àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀.

“Sísí,” ni wọ́n wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “O mọ ẹni tó pè mí lọ́jọ́ yẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ṣé o gbọ́ ohùn rẹ̀?”

“Mo gbọ́ ọ, sà.”

Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú. “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kì í ṣe pé orí mi ti dàrú.” Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ tábìlì. “Ó sọ fún mi pé òun rí mi pè lọ́jọ́ tí òun kú. Ó ní ìpè náà wọlé. Ó ní ẹnì kan ní kí òun dúró, òun sì dúró. Mo béèrè ẹni náà. Kò sọ ọ́. Ó ní kí n bi ọ́ léèrè, pé ìwọ lo máa sọ fún mi.”

Ẹ wò ó. Obìnrin yẹn lè dárúkọ mi. Ó fi í sílẹ̀ fún mi kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n bó ṣe ń jáde lẹ́nu Mísítà Àlàdé. Ojú wọn rọ̀, wọ́n ti múra tán láti gbọ́ ọ. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á sunkún, èmi náà á sunkún, yóò sì tán.

Mo la ẹnu. Mo ní, “Fúnmi ni, sà.”

Fúnmi ni ọmọbìnrin tó máa ń bá mi jókòó sídìí fóònù tí mo bá fẹ́ lọ jẹun. Lẹ́yìn ikú Àǹtí Rónkẹ́ ló lọ́kọ, ó ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì. Kò lè gbọ́, kò lè jà.

Bí mo ṣe dárúkọ Fúnmi, iná láìnì kejì tàn. Kò ṣẹ́jú. Ó tàn, ó dúró gbọin.

Ẹnì kan wà lórí láìnì. Ó ń gbọ́.

Mísítà Àlàdé ò rí i. Wọ́n ń wo ojú mi. “Fúnmi,” ni wọ́n tún un pè, bíi pé orúkọ náà korò. “Ṣé ó dá ọ lójú?”

Sọ òótọ́, ni mò ń pariwo fún ara mi nínú, sọ ọ́ báyìí. Mo ní, “Ó dá mi lójú, sà.”

Wọ́n dìde. Wọ́n ní, “O ṣeun.” Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Iná ò kú. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mi ò mọ iye ìgbà. Mo ronú pé bí mi ò bá gbé e, yóò máa tàn bẹ́ẹ̀ títí tí àwọn yòókù fi máa padà dé, wọ́n á sì bá mi níbẹ̀ tí mò ń wò ó. Mo gbé ọwọ́ fóònù. Mi ò tẹ bọ́tìnì kankan.

Kò sí òjò lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí ariwo, kò sí afẹ́fẹ́. Ó dákẹ́ bí inú kànga. Ẹnì kan mí lẹ́ẹ̀kan, nítòsí etí mi, débi pé mo mọ̀ ọ́n lára.

“Mo gbọ́,” ló wí.

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi dé ilé. Bàtà mi, àpò mi, Bíbélì bàbá mi, gbogbo rẹ̀ ló kù síbẹ̀. Bàbá mi lọ kó wọn, ó sọ fún ọ̀gá pé ara mi ò yá. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Mo lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, iṣẹ́ yẹn ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn bí ọdún kan, mo pàdé Ìyá Ṣadé ní Tejúoṣó. Wọ́n ní ọmọbìnrin míì ti wà lórí àga mi, nǹkan kan ò ṣe é. Wọ́n ní Mísítà Àlàdé ti fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti gbé ọmọ wọn lọ sí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti kọ lẹ́tà sí Fúnmi ní Jọ́ọ̀sì. Ìyá Ṣadé ò mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà. Mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Mi ò mọ bóyá Fúnmi fèsì. Mi ò mọ bóyá wọ́n gbà á gbọ́. Mi ò tíì rí ìgboyà láti wá èyíkéyìí nínú wọn.

Ọmọ yẹn á ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Bóyá ó ti bímọ. Bóyá ó ń ka ìwé yìí. Ìwọ ọmọ Àǹtí Rónkẹ́, bó o bá ń kà á: kì í ṣe Fúnmi. Èmi ni. Ìyá ẹ pè, èmi ni mo ní kó dúró.

Ẹ̀yin yòókù, ìmọ̀ràn kan péré ni mo ní. Bí ẹ bá ti ṣe nǹkan, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn bá jókòó síwájú yín tó sì bi yín léèrè, ẹ sọ ọ́ kó tó dìde lórí àga. Ẹ má rò pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ wà nínú yàrá.